Tíṣà Ti Relé

Àjọkẹ́ mi. Àjọkẹ́ ọmọ Oníkòyí, ọmọ ogun lérè ju oko lọ. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, gbangba iwájú ni wọ́n fi í gbọta. Àbíkẹ́yìn mi, òun náà ni mo kọ́kọ́ pàdánù.

Iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń kọ́ kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kòríà ni wọ́n wà. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, nínú pálọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Takíé. Bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá lù lọ́dọ̀ wa, àwọn ti dé láti ilé ìwé, ilẹ̀ tiwọn ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́. Àwọn méje ni. Mo mọ orúkọ méjèèje lórí títí di òní, títí kan èyí tí à ń pè bí ẹni ń súfèé, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, n kò ní kọ ọ́ síwèé.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó. Nígbà tí mo kúrò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá bá a gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí láti ṣa ẹ̀wà mi jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ náà fi rí mi. Wọ́n ní, ta nìyẹn? Ọmọ mi ní, ìyá mi ni. Ni gbogbo wọn bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tẹrí ba fún mi.

Mo ní, "Háà! Wọ́n kọ́ àwọn wọ̀nyí nílé o."

Ọjọ́ náà ni mo di akẹ́kọ̀ọ́ kẹjọ. Ìgbà kan wọ́n ń kọ́ ohun tí òyìnbó ń pe ọgbà ẹranko. Ahọ́n àwọn ọmọ náà kò gbé e, "júù" ni wọ́n ń wí. Ọmọ mi yíjú sí mi: "Mọ́mì, ẹ gbà wọ́n." Mo ṣu ẹnu jọ, mo ní, "Súù!" Ẹ̀rín ta. Ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká ní, "Gíránì, nóò!"

Mo ní, "Akáyín! Júù tìrẹ ńkọ́?"

Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún un, ló bá fọwọ́ bo ẹnu.

Oṣù kẹta ni táàmù tuntun wọn máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ooru tiwa bá ń mú gan-an. Ọmọ mi kì í ṣí ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á ní kí oníkálùkù sọ ohun tó fi ìsinmi ṣe. Èmi náà á sọ tèmi, pé mo lọ sí Ìrẹsà, mo ṣa kajú.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ìwọlé wọn ku ọ̀sẹ̀ kan, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà. Kíndìnrín ni wọ́n ní ó ń bá a jà.

Ó ní, "Mọ́mì, Túsìdeè ni wọ́n ń wọlé."

"Ìwọ náà lo máa kọ́ wọn."

"Ẹ dákẹ́ ná, Mọ́mì. Wọn á jókòó máa retí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa retí mi. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn."

"Gẹ̀ẹ́sì wo ni mo gbọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Súù."

Eré ìkẹyìn tó bá mi ṣe nìyẹn. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló jáde láyé.

Ìdájí Túsìdeè, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, sí agboolé bàbá rẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn, ìyá kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì fẹ́ wá jókòó tì mí, mo ní kó fún mi ní wákàtí kan.

Láago mẹ́jọ, mo ṣí kọ̀ǹpútà bí ọmọ mi ṣe kọ́ mi, mo tẹ ibi aláwọ̀ búlúù tí a fi ń wọlé. Méjèèje ti wà níbẹ̀, wọ́n ti gẹrun fún táàmù tuntun.

"Gíránì! Tíṣà dà?" Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi mí, mo gbọ́ ìyẹn.

Mo mọ ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń lò fún ikú, ṣùgbọ́n ó le jù, a kì í jù ú lu ọmọdé. Mo bá túmọ̀ tiwa. Mo ní, "Tíṣà gó hóòmù." Tíṣà ti relé.

Inú wọn dùn. Akáyín ní, "Ókè! Tumọ́rò?"

Ẹ wò ó, ohun tí ọmọ mi ní kí n má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹnu ara mi ni mo fi ṣe é. Mo ní, "Nóò tumọ́rò. Gó hóòmù." Mo tún un wí. Omi ti ń bọ́ lójú mi.

Ìyá àgbà kan máa ń jókòó sẹ́yìn ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú wọn, òun náà á máa ṣa ẹ̀fọ́ bí èmi ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá náà bi ọmọ ní nǹkan. Ọmọ túmọ̀ ohun tí mo wí sí èdè wọn, àfi bó ṣe yíjú wo ìyá náà bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà ju ẹ̀fọ́ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wò mí. Ó ní, "Gíránì, Kòríà, sémù. Gó hóòmù. Nóò kọ́ọ̀mù."

Àṣé lọ́dọ̀ àwọn náà, àgbà tó bá kú, ó ti padà lọ ni wọ́n ń wí. Gẹ̀ẹ́sì tí òyìnbó kan kò ní gbọ́, àwa gbọ́ ọ.

Ó sọ fún àwọn yòókù. Wọ́n dìde, wọ́n tẹrí ba, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Akáyín kò mọ ìgbà tó yẹ kó gbórí sókè, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi náà tẹrí ba fún wọn. Lẹ́yìn náà mo tẹ ibi pupa tí a fi ń jáde.

Ọjọ́ Túsìdeè yẹn ni wọ́n sin Àjọkẹ́ ní Ọ̀yọ́, kí aago mẹ́wàá tó lù.