Rédíò Ilé ní Ọjà Àlàbá

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ lórí wáyà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ṣọ́ọ̀bù náà rárá. Ẹ̀yìn pátápátá ló wà ní ọjà Àlàbá, níbi tí ìlà àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n tuntun ti parí, tí òkú ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀: sípíkà tó ti ya lẹ́nu, fáànù tí kò lápá mọ́, wáyà tó lọ́ mọ́ra bí ìfun ẹran. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ọjà ẹran Alaba Rago, òórùn àgbò á dà pọ̀ mọ́ ti lẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe níbẹ̀ á sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife kọfí tó ti pò dè mí, bí ẹni pé òórùn lè já bọ́ sínú rẹ̀.

Ìwọ náà ti gbé ìlú onílùú rí, ọ̀rẹ́ mi, nítorí náà n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún ẹ bí nǹkan kékeré ṣe ń di ńlá lójú ẹni tó jìnnà sílé. Kọfí yẹn, tí a fi mílíìkì alágolo aládùn pò títí yóò fi ki, àti búrẹ́dì gígùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí èèpo igi, tí obìnrin kan máa ń kó kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀ wá sí Òkókómáíkò ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Bí mo bá ti ra ọ̀kan, tí mo fi bébà wé e sábẹ́ apá, ọ̀sẹ̀ yẹn ti dára fún mi nìyẹn, ohun yòówù kó ti ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ìhà Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá là ń sọ nílé wa, ohun tó sì mú kí ti èmi le nìyẹn: mo jẹ́ àlejò tó ń sọ èdè onílé. Bí mo bá lanu ní Òkókómáíkò, wọ́n á ní, "Madam, Yorùbá yín dà bíi ti ìyá ìyá mi." Lọ́jọ́ kan mo pe kẹ̀kẹ́ ní felóò, bí a ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa, gbogbo ilé tí a jọ ń gbé sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi oṣù kan. Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, bí ẹni pé Gánà ni mo ti wá. Wọn kò fi bú mi o. Ìyá onílé mi tiẹ̀ máa ń bu ìrẹsì fún mi lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi ìlú tí o kò ti wá pè ẹ́, ó ní bó ṣe máa ń ṣe ènìyàn.

Iléèwé aládàáni kan ní Ìbà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé. Kì í ṣe iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Èkó, ọkùnrin ni. Awakọ̀ ni, ó máa ń kó ẹrù wá sí Kétu, ó sì ní òun máa fẹ́ mi. Bàbá mi, tí wọ́n ṣe olùkọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ mi ní ìwé kíkà lórí tábìlì oúnjẹ wa, sọ fún mi lójú ìyá mi pé, "Bí o bá tẹ̀lé e kọjá ibodè, má pe ara rẹ lọ́mọ mi mọ́." Mo tẹ̀lé e. Kò tó ọdún kan tí mo fi mọ̀ pé ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ní Ìjànikin. Mo kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí n padà sílé. Nígbà tí fóònù mi sọnù, ìtìjú náà ni kò jẹ́ kí n wá ọ̀nà tí nọ́ńbà mi tuntun máa fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Báyìí ni ọdún mẹ́jọ ṣe lọ.

Rédíò kékeré tí mo fi ń gbọ́ ìròyìn ló yadi lọ́jọ́ kan, ìyá onílé mi sì júwe Ègùn kan fún mi ní Àlàbá. Ó tú rédíò náà lójú mi, ó ń to àwọn ìdè kéékèèké tó di ara rẹ̀ pọ̀ sínú ọmọrí agolo, ó sì ń kà wọ́n lábẹ́nu. Faransé ló fi ń kà wọ́n. Nígbà tó dé orí ẹẹ́fà, mo bá a ka eéje. Ó gbójú sókè.

"Ibo nílé, àbúrò?"

"Kétu ni, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi, Àjàṣẹ́ ni, ní Bẹ̀nẹ̀ náà." Ó fi àkísà nu eruku bẹ́ǹṣì, ó ní kí n jókòó.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí n kò lọ. Ó ní rédíò àtijọ́ kan tí ara rẹ̀ jẹ́ pákó, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ páànù òrùlé, ìyẹn sì máa ń gbé ohùn ilé wá fún wa dáadáa bí òjò kò bá ṣú. Má rẹ́rìn-ín mi: ìkéde òkú ni ìgbádùn wa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, àmọ́ Sátidé nìkan ni èmi máa ń ráàyè. Tí aago mẹ́rin bá lù, olùkéde á wúkọ́ díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ẹni tó lọ, abúlé rẹ̀, àti ibi tí òkú yóò gbà wọlé, "ẹ yà lọ́wọ́ òsì níbi igi máńgòrò." Ọ̀gá onírédíò á ní òun mọ igi máńgòrò yẹn. Èmi á ní irọ́ ni, máńgòrò kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. A ó ri búrẹ́dì bọ inú kọfí, a ó máa jẹ, a ó máa gbọ́ orúkọ àwọn ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní Àlàbá. Lẹ́yìn ìyẹn ni olùkéde á ka àwọn ọmọ olóògbé lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí wọ́n wà: èyí wà ní Gàbọ́ọ̀nù, èyí wà ní Kútọnu, èyí wà ní Èkó.

Ibẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́ sí. Ó pẹ́ kí n tó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bàbá mi ti ń dàgbà, mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan rédíò máa ka orúkọ wọn, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ mi yóò wà lára àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá wa dúró, mo sọ ọ́ fún un, mo sì sọ orúkọ bàbá mi.

"Wọ́n á kà ọ́," ó dá mi lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò mọ bàbá mi."

"Mo mọ ohun tí bàbá ń jẹ́," ó wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú kan ni aṣọ́gbà iléèwé wá pè mí jáde ní kíláàsì pé ẹnì kan ń bèèrè mi. Ọ̀gá onírédíò ni mo bá lẹ́nu géètì. N kò tíì rí i níta Àlàbá rí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ kánrin, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀.

"Àbúrò, jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró, ẹ̀gbọ́n."

"Bàbá ti lọ. Àná ni rédíò kà á. Sátidé yìí ni ìsìnkú."

Mo rántí pé ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, tí mo sì ń fi àtàǹpàkò họ ọ́, tí ẹfun rẹ̀ ń bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo bèèrè kì í ṣe àìsàn tó pa wọ́n. Mo ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́? Ta ni wọ́n kà?"

Ó wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń sáré lórí pápá.

"Wọ́n kà ọ́," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ kà, ìwọ ló tẹ̀lé e. Wọ́n ní Èkó lo wà."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ikú bàbá mi, inú mi dùn. Mo sunkún níbẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ̀nà. Mo wọkọ̀ dé Sẹ̀mẹ̀, mo gba Àjàṣẹ́ kọjá, nígbà tí mo sì rí ilẹ̀ pupa lápá ọ̀dọ̀ wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu dán ohun tí màá sọ wò. Mo ti rò ó pé màá kí gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, pé n kò ní ṣàlàyé ọdún mẹ́jọ náà àfi tí wọ́n bá bèèrè.

Wọ́n ti to àga sí àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ti hu ewú. Kò dì mọ́ mi, kò sì lé mi.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Rédíò ni, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ pé ẹ kà mí mọ́ àwọn ọmọ."

Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá bàbá wa, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú bébà kan jáde nínú àpótí tábìlì.

"Èyí ni mo mú lọ sí iléeṣẹ́ rédíò," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Bàbá fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ nígbà tí àìsàn náà le. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un."

Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà kí n tó ka ohun tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ ni, gbogbo lẹ́tà dúró ṣánṣán lórí ìlà. Ọmọ méje ni wá. Orúkọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

Báàgì mi ṣì wà ní èjìká mi. Mo yí padà pé kí n máa lọ, kí ìlú tó mọ̀ pé mo dé. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, ìyá mi ni mo kò lójú. Wọ́n ti kéré sí i, wọ́n ti tẹ̀ léjìká. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wá iṣan.

"Wọ́n pè ọ́ lórí rédíò," wọ́n wí níkẹyìn, "o sì wá. Mo gbọ́ tí o ń sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ìyá mi kò mọ̀wé. Lọ́jọ́ tí ìkéde yẹn ń lọ, ẹkún ni wọ́n ń sun, etí wọn kò sí níbẹ̀. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, òun náà wò mí. Ó fi bébà náà sápò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ó wí. "A pè é."

Mo sọ báàgì kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lójú sàréè, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi da iyẹ̀pẹ̀ tirẹ̀, ó na ṣọ́bìrì sí mi. Àbúrò bàbá mi obìnrin kan kùn sẹ́nu, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo gba ṣọ́bìrì náà. Mo da iyẹ̀pẹ̀ tèmi náà.

Nígbà tí mo padà dé Èkó, n kò dúró de Sátidé. Ọjọ́ Ajé ni mo lọ sí Àlàbá. Ó rí mi lókèèrè, ó sì pa iná irin tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ purọ́ fún mi."

"Mo purọ́."

"Kí ló dé? Ẹ wá jẹ́ kí n lọ fi ojú ara mi rí bébà náà. Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi."

Ó gbé irin náà sílẹ̀. "Ká ní mo sọ òtítọ́, ṣé ò bá lọ?"

A jọ mọ̀ pé n kì bá tí lọ.

"Orí ìjókòó yìí ni mo wà nígbà tí rédíò ka ìyá mi," ó wí. "Wọ́n ka orúkọ mi ketekete, èmi ni àkọ́bí. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ parí. Mo ní màá lọ lọ́la. Títí dòní, n kò tíì fojú kan sàréè wọn."

Mo fẹ́ bá a jà, ẹnu mi kò gbà á. Mo fẹ́ dúpẹ́, ìyẹn náà kọ̀. Mo jókòó díẹ̀, mo sì dìde. Mo ṣì máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di ìsinsìnyí, a máa ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òjò, ṣùgbọ́n tí ìkéde bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wa á ti na ọwọ́ yí rédíò sí ibòmíràn. Ohun tí mo ń dúró gbọ́ ti kọjá. Kò sí adùn níbẹ̀ mọ́.

Ìyá mi máa ń pè mí báyìí lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin tí kò bá mi tan ló fi irọ́ dá ìyá mi padà fún mi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń bomi rin irọ́ náà. Mo ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló máa wà. Ìdáríjì bàbá mi ni n kò rí gbà. Ẹni tó wà láàyè lo lè bẹ̀, tó lè yí ọkàn padà. Wọ́n ti bá tiwọn lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń kúrò ní Kétu, mo bèèrè bébà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní ohun tí bàbá kọ kẹ́yìn ni. Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí. Mo ti gbé e sókè sí oòrùn lójú fèrèsé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, bóyá wọ́n kọ nǹkan kan lábẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n sì pa á rẹ́. Wọn kò pa nǹkan kan rẹ́. Síbẹ̀ mi ò lè jù ú nù, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á.