Wọ́n Ní Mo Jókòó Lé Àgbà Láyà

Wọ́n fi bẹ́líìtì búlúù dù mí nítorí pé mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi gẹ́lẹ́.

Gbọ̀ngàn kan lókè ṣọ́ọ̀bù táìlì ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó la ti ń kọ́ jujítsù. Máátì ibẹ̀ ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tó sùn sínú bàtà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń rí mi lára.

Ìjà ilẹ̀ ni jujítsù tiwa. Wàá fẹ̀yìn lélẹ̀, wàá fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹni tó wà lókè ẹ níbàdí. Gáàdì nìyẹn. Láti abẹ́ yẹn lo ti máa dà á nù, kí ìwọ náà bọ́ sókè. Swíìpù là ń pè é. Tèmi ò dáa fún ìgbà pípẹ́. Màá da èèyàn nù tán, kí n tó dìde, ó ti yí kúrò.

Nígbà òjò, Kóòṣì, tí í ṣe ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìwọ lo máa ń tú u sílẹ̀,” ó ní. “Tó bá ti ń ṣubú, inú ẹ á dùn, o máa ṣíwọ́. Apá aṣọ tó o dì mú yẹn, má tú u. Bó ṣe ń lọ, máa bá a lọ. Kó tó mojú ilẹ̀, kó ti bá ẹ lórí àyà ẹ̀. Apá yẹn náà lo máa wá kì mọ́lẹ̀.”

Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mò ń ṣe ní Yaba. Tí wọ́n bá ní kí n yí nǹkan kan padà, nǹkan kan náà ni màá yí, títí màá fi mọ ohun tó ń ṣe. Mo fi ìrọ̀rí dánra wò títí aṣọ ẹ̀ fi ya.

Ìgbà yẹn ni mo wá rí ibi tí a ti kọ́ títú sílẹ̀. Lára ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀, wọ́n ju gbogbo wa lọ, àwọn ló sì bá wa wá gbọ̀ngàn náà. Ẹni tó bá da Ẹ̀gbọ́n nù, kíá ló máa ní “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” á fà wọ́n dìde, á bá wọn tún kọ́là ṣe, á tún lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ. Ó kàn mọ́ wa lára ni. Tí àwọn ọkùnrin wa bá wá lọ síbi ìdíje, wọ́n á da àjèjì nù dáadáa, ọwọ́ wọn á sì là fúnra ẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Tí wọ́n bá fìdí rẹmi, wọ́n á ní rẹfirí ló ṣe ojúsàájú.

Lọ́jọ́ ìdánwò bẹ́líìtì búlúù, tó ń fi hàn pé èèyàn ti kúrò ní ọ̀gbẹ̀rì, èmi àti Ẹ̀gbọ́n ni Kóòṣì so pọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

“Àbúrò, rọra o, ìbàdí ń dùn mí.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra o,” ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “Obìnrin yìí ò jẹun láàárọ̀.”

Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ wọn, mo fa apá aṣọ wọn, mo gbé ojúgun dábùú ikùn wọn, mo fi ẹsẹ̀ kejì gé wọn lórúnkún. Wọ́n ṣubú. Mi ò tú apá náà sílẹ̀. Mo bá ara mi lórí àyà wọn, wọ́n nawọ́ láti tì mí, mo mú apá náà, mo gbé ẹsẹ̀ kọjá ojú wọn, mo fẹ̀yìn lọ sílẹ̀ kí ìgúnpá wọn lè nà tàntàn. Wọ́n gbá mi lẹ́sẹ̀, àmì pé wọ́n ti gbà, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Wọn ò fọwọ́ ra ìgúnpá. Àyà ni wọ́n ń gbọn nù.

“Lórí àyà mi? Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?”

Mo wo Kóòṣì. Kóòṣì ń wo fáànù.

“Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Ó ti ṣàṣejù.”

“Ṣé mi ò ṣe é dáadáa ni?”

“Ìyẹn kọ́ la ń sọ. Àgbà ni wọ́n. Ò bá ti dúró níbi swíìpù.”

Ó so bẹ́líìtì búlúù mọ́ Ẹ̀gbọ́n níbàdí. Ó ní tèmi ku ìwà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, títí kan àwọn tó máa ń sọ lẹ́yìn pé Ẹ̀gbọ́n ò lè dá èèyàn kankan dúró. Ohun tó ń rí mi lára nìyẹn.

Kóòṣì, dá mi lóhùn. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ náà dá mi lóhùn. Tí ibi swíìpù bá jẹ́ òpin, kí ló dé tó o kọ́ mi ní ìyókù? Èwo nínú yín ló ti bá Ẹ̀gbọ́n jà rí láìṣe eré? Lọ́jọ́ tí àjèjì tí kò mọ̀ wọ́n lẹ́gbọ̀n-ọ́n bá rí búlúù níbàdí wọn, tó sì fi gbogbo agbára ẹ̀ kì wọ́n lápá, ta nínú yín ló máa sọ fún wọn pé ẹ̀tàn la so mọ́ wọn? Mi ò sì fẹ́ “má bínú” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èsì ni mo fẹ́.