Sàréè Tí Mi Ò Yà Sínú Àwòrán

Òórùn tábà ọ̀gá mi ló kún inú ìwé àwòrán ilé kan. Mo yá a ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé ní Tinúbú, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí ìjọba ń wó ilé kiri Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé àtijọ́ kan ní abúlé ìlú òyìnbó ló wà nínú rẹ̀. Igi ni òpó rẹ̀, amọ̀ ni wọ́n fi dí àárín igi, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Ilé amọ̀! Wọ́n sì ń kẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun. Inú bí mi. Ilé amọ̀ tiwa, nítòsí ààfin Ọba ní Ìgá Ìdúngànràn, páànù ló wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i pé wíwó ni.

Bàbá mi ní kí n ya ilé náà, kí a mú àwòrán náà lọ bá òyìnbó tó ń bójú tó iṣẹ́ wíwó ilé, bóyá yóò dá ilé wa sí. Ìyá tó bí bàbá mi ń tẹ̀lé mi láti yàrá dé yàrá bí mo ṣe ń fi téèpù wọ̀n ọ́n. Nígbà tí a dé yàrá àárín, níbi tí wọ́n sin bàbá àgbà sí, màmá ní, "Má gbàgbé bàbá rẹ àgbà o. Kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, màmá."

Irọ́ ni mo pa. Kò sí sàréè nínú ilé inú ìwé, mi ò sì fẹ́ kí òyìnbó rò pé ará oko ni wá. Mo kọ "pálọ̀" síbẹ̀. Àgbàlá tí gbogbo agboolé ti ń dáná, mo sọ ọ́ di ọgbà òdòdó. Ọ̀mọ̀wé ni mí nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Òyìnbó bi wá pé kí ló wà nínú ilé yìí tí kò sí níbòmíràn. Bàbá mi dáhùn pé, "Bàbá mi wà níbẹ̀." Èmi ni ògbufọ̀, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó fi ìka wá a kiri inú àwòrán mi, ó ní òun ò rí i.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ṣé o ò kọ ọ́ ni?"

Mo ká àwòrán náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wó ilé náà.

Àwòrán yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù fún wa. Àwọn ọmọ ẹbí máa ń bi mí pé apá ibo gan-an nínú yàrá àárín ni sàréè náà wà. Mo ti mú pẹ́ńsùlù lọ́pọ̀ ìgbà láti yà á sí i. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé, nígbà tí mo wọn yàrá náà, mi ò wọn ibi tí sàréè wà.