Gíláàsì Balùwẹ̀ Tísà

Lọ́jọ́ tí ìyàwó tísà sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ wẹ̀ nínú balùwẹ̀ wọn tuntun, ó fi omi ṣan ọṣẹ kúrò lójú, ó la ojú, ó sì rí káfíńtà kan lókè òrùlé ilé kejì. Káfíńtà náà, ọmọlúàbí ènìyàn, ti yí ẹ̀yìn padà. Ó ń fi gbogbo agbára lu òòlù mọ́ ibi tí kò sí ìṣó kankan. Igbe tí obìnrin náà ké kó gbogbo àdúgbò jáde. Gíláàsì fèrèsé balùwẹ̀ náà mọ́ gaara bí omi inú ife.

Bàbá Mo-Mọ̀-ọ́n, onígíláàsì wa, ló gé e, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ fèrèsé. Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Tísà ti wí fún un tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bàbá, gíláàsì táránsílúsẹ́ǹtì ni kí ẹ fi sí i o." Bàbá kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé. Wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n lójú ti bàbá, ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ń polówó ara rẹ̀ pé òun ò mọ̀nà ni. Láti ogójì ọdún tó ti ń gé gíláàsì, kò sẹ́ni tó gbọ́ "n kò mọ̀" lẹ́nu rẹ̀. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyẹn, gíláàsì tó mọ́ jù ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí. "Òun gan-an ni mo fi sílé ara mi."

Nígbà tí tísà padà wá, imú rẹ̀ ń fẹ̀ fún ìbínú.

"Bàbá, kí ni ìtumọ̀ táránsílúsẹ́ǹtì?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ẹ̀yin kọ́ ni tísà ni? Ṣé èmi ni n ó wá máa kọ́ yín níṣẹ́ yín?"

Tísà mú pákó kan, ègé gíláàsì kan, àti bébà tó fi òróró pa. Ó ń gbé wọn sójú òòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wọ́n bo ojú ara rẹ̀. Ti pákó, ìmọ́lẹ̀ ò kọjá rárá. Ti gíláàsì, bàbá ń rí i kedere. Ó wá kan bébà olóróró.

"Ìmọ́lẹ̀ ń kọjá," ni bàbá wí, "ṣùgbọ́n imú yín ò yàtọ̀ sí ẹnu yín mọ́."

"Ohun tó bá rí báyẹn ni à ń pè ní táránsílúsẹ́ǹtì!"

"Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn."

Síbẹ̀, ojú ti bàbá. Ó tú gíláàsì náà wálé, ó sì fi omi àti iyanrìn kíkúnná ha ojú rẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Nígbà tó dá a padà, ó ní kí ìyàwó tísà dúró sínú balùwẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́rùn, ó sì ní kí káfíńtà gun òrùlé.

"Kí lo rí?"

"Nǹkan pupa kan ni, bàbá."

"Ṣé ìyàwó tísà ni àbí bókẹ́ẹ̀tì?"

"Ẹ má bínú, bàbá, n ò lè dá a mọ̀."

"Iṣẹ́ ti parí!"

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Ó gbé awọ àlùbọ́sà sójú òòrùn, ó ní ó yege. Ó gbé àbẹ́là, ó yege. Ó fa etí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sójú iná tọ́ọ̀ṣì, ó ní ó kù díẹ̀. Lọ́yà kan wá ṣàlàyé ìwé ilẹ̀ fún un, bàbá sì ní, "Àlàyé yín, táránsílúsẹ́ǹtì ni. Mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n ò rí ẹni tó ni ilẹ̀." Kì í tiẹ̀ ta ọjà mọ́ láìkọ́kọ́ bi oníbàárà léèrè ìtumọ̀ táránsílúsẹ́ǹtì. Dẹ́rẹ́bà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún: "Bàbá, jígí ọkọ̀ ni mo wá rà, n ò wá ṣèdánwò!"

Ìgbà tó yá, bàbá gé gíláàsì fèrèsé kan, ó fi ìka kan kúrú. Ó gé òmíràn, ó tún kúrú. Ó ní rúlà ló ń súnkì. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń da tíì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó sì fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ba bàbá gidigidi lọ́jọ́ náà. Onígíláàsì tí kò ríran, kí ló kù tí yóò máa ṣe láyé?

Dókítà ojú, ọmọdébìnrin tí bàbá lè bí lọ́mọ, bi í léèrè bó ṣe ń ríran.

"Ọmọ mi, ojú mi ti di táránsílúsẹ́ǹtì. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n n kì í dá ẹni tó bá a wọlé mọ̀."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó ní ohun tó ṣe ojú náà gan-an nìyẹn: awẹ́ kékeré kan bíi gíláàsì, tó yẹ kó mọ́ gaara nínú ẹyinjú, ló ti ṣú. Àwọn yóò yọ ọ́, àwọn yóò fi tuntun sí i.

"Ta ló máa gé e?" ni bàbá béèrè. "Ẹ wọn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì o!"

Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó sì bá a mu. Ọdún mẹ́fà ló tún fi gé gíláàsì kó tó papòdà lójú oorun wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ló ní ìtàn bàbá tiwọn, ṣùgbọ́n ti àárọ̀ tí wọ́n tú báńdéèjì lójú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tí à ń pè ní màmá nìkan ló ń sọ ọ́, nítorí òun nìkan ló jókòó tì í.

Bàbá la ojú. Ó wo irun màmá tó ti funfun láìjẹ́ kó mọ̀. Ó wo gbogbo ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí gíláàsì ti sán.

"Bàbá wọn, ẹ ń wò mí bẹ́ẹ̀," ni màmá wí. "Ó dáa, kí ni wọ́n ń pe irú èyí?"

Omi ti kún ojú tuntun náà.

"N kò mọ̀," ni bàbá wí. "Ìyá wọn, n kò mọ̀." Ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.