Agboòrùn Màmá Ará Poland

Agboòrùn dúdú kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí, òjò ì báà máa ya lulẹ̀. Ti màmá ará Poland tó múlé tì wá ní àdúgbò Corduff nílùú òyìnbó níbí ni, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn.

Idà ni wọ́n fi ń díje nígbà èwe wọn. Ní ìlú wọn, àwọn ni obìnrin àkọ́kọ́ tó mú irú idà tí àwọn èèyàn ní ọkùnrin nìkan ló lè mú. Tí a bá pàdé ní bọ́sítọ́ọ̀pù, wọ́n á gbé agboòrùn náà dúró síwájú imú, wọ́n á rọra gbé e wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jà nìyẹn. Ọmọ mi, tí kì í kúnlẹ̀ kí mi àfi tí mo bá lọgun, á sáré fi rúlà kí wọn padà.

Tí o bá jàre wọn, wọn kì í ṣàwáwí.

"Màmá, ọbẹ̀ yín ò níyọ̀ o," ni mo wí lọ́jọ́ kan.

Wọ́n fi ìka kan àyà. "Ó bà mí." Wọ́n ní ẹni tí idà bà ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Èmi ni mo sìn wọ́n lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ tí dókítà ní àìsàn tó ń bá wọn jà ti kọjá iṣẹ́ abẹ. Èmi náà ni mo bú sẹ́kún. Màmá fi ìka kan àyà.

"Ó bà mí."

Wọ́n wá dìde, wọ́n kọjú sí fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró wọn lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé agboòrùn síwájú imú, wọ́n kí i.