Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Ọjọ́ Ọjà

Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi, Ìyáàfin Adébánjọ, ní àwọn máa yọ abúlé kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kúrò lára ibi tí nọ́ọ̀sì wa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé lọ. Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì wa n'Ìjẹ̀bú-Òde ni kí n máa kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kó bá wa to iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ jọ, kó sì yà á ní gíráàfù. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà ni nọ́ọ̀sì ń lọ. Ọjọ́ kan á kún, òmíràn á ṣófo, gíráàfù abúlé náà wá rí bí àgbàdo tí wọ́n fọ́n fádìyẹ.

"Àwọn ìyá ibẹ̀ kò fẹ́ abẹ́rẹ́," ni ọ̀gá wí. "Bí o kò bá rí ìdí mìíràn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, nọ́ọ̀sì kò ní lọ mọ́."

Mo to iye ọmọ náà láti ọjọ́ Ajé dé Àìkú, bóyá ọjọ́ kan ló ń ṣófo jù. Òfo. Mo wo ọjọ́ òjò. Òfo náà ni. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé kò sí dátà tí kì í jẹ́wọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo pe màámi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pé mo ń bọ̀ wá kí wọn.

"Má wulẹ̀ wá lọ́la," ni wọ́n wí. "Ọjà la ó ná. Gbogbo ìyá ọlọ́mọ agbègbè yìí ló máa wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun gan-an, màámi."

"Kí lo ń dúpẹ́ sí? Mo ní kó o má wá."

Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà yẹn. Mo sáré kọ márùn-ún fún kọ̀ǹpútà, mo ní kó kà á sẹ́yìn láti ọ̀la yẹn, kó sì kun ọjọ́ ọjà ní pupa. Pupa fọ́n ká òkè, ó fọ́n ká ìsàlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Ìgbà tí mo wá ń fi ìka kà á ni mo bú sẹ́rìn-ín: àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a ná ọjà gan-an mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà kì í kà á. Márùn-ún tiwa, mẹ́rin ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Mo yí i sí mẹ́rin, gbogbo pupa sì wálẹ̀ pátápátá, àwọn ọjọ́ yòókù dúró sókè.

Ọ̀gá wò ó títí. "Àṣé àwa la ń lọ bá wọn lọ́jọ́ ọjà," ni wọ́n wí, wọ́n sì sún ìrìn nọ́ọ̀sì sí ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún lọ, ó pè mí láti abúlé náà. Ẹkún ọmọ ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Abẹ́rẹ́ kò ní tó," ló ń sọ, "ẹ tètè fi òmíràn ránṣẹ́." Mo gbé fóònù náà sókè kí gbogbo ọ́fíìsì lè gbọ́. Ẹkún ọmọ kò dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.