Ìléròrò Nílé Ìyá Aránṣọ

Ní ìgbèríko wa, bí iléèwé bá ti wọlé ni ṣíkìnpọ́ọ̀sì, àrùn tó ń sú ìléròrò síni lára, náà máa ń wọlé. Àwọn ọmọ á kó o ran ara wọn lórí ìjókòó, á wá máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn lójú ọ̀nà iléèwé. Àwọn òbí míì tiẹ̀ máa ń tẹ́ ẹni tó ní in àti ẹni tí kò ní in sórí ẹní kan náà, wọ́n á ní kí wọ́n jọ ní in tán kí àwọn rímú mí. Nọ́ọ̀sì wa kìlọ̀ títí ó fi sú u.

Ìyá Aránṣọ ò sí lára wọn. Òun ló ń rán aṣọ iléèwé fún gbogbo wa, nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ gba ìdajì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Bí ẹ bá mú ọmọ tó sanra wá, á ní, "Ṣé ṣòkòtò ni kí n rán ni, àbí àgọ́?"

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Kò ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì rí, kò sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kó tó lóyún. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyá pé bó bá ràn án nígbà tí ìkúnlẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lè pa ọmọ tuntun.

Ni ìyá bá ti ilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ló ti ń gba aṣọ, ẹni tó lọ́mọ ló ń wọn ọmọ rẹ̀ níta, á sì ké ìwọ̀n náà wọlé. Èmi aládùúgbò rẹ̀, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ó ní kí n dúró lẹ́yìn ògiri. Inú bí mi gan-an. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ lóru, ó wá gbẹ.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti sú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, ìlà kan péré, ó sì ń ta á bí iná. Ó ní kòkòrò ló tọ̀ sí òun lára. Ta ni yóò torí ìtọ̀ kòkòrò lọ bá nọ́ọ̀sì? Ọwọ́ rẹ̀ ò tó ibẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a fi ìpara pa á lálaalẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí ọmọ náà bímọ ni ìléròrò bò ó. Ó bí ọkùnrin. Ara ìkókó náà sú, èémí rẹ̀ kò já geere mọ́, ó sì kú.

Ìyá ò sunkún. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan. Bí a bá kí i, á ní, "Ẹ ṣé."

Nọ́ọ̀sì wá wádìí bí àrùn náà ṣe wọlé, nígbà tí ọmọ iléèwé kankan ò débẹ̀. Ó béèrè bóyá nǹkan sú sí ìyá náà lára. Ìyá ká aṣọ sókè.

"Màmá, kì í ṣe kòkòrò," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣíkìnpọ́ọ̀sì tí ẹ ní ní kékeré ni. Kì í kúrò lára, ó kàn ń sùn ni. Àárẹ̀ yín ló jí i. Omi inú èyí tó sú yìí sì máa ń ran ẹni tí kò bá ní in rí."

"Tó bá fọwọ́ kàn án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ti yé mi," ni ìyá wí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye owó òwú fún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn, ẹnìkan pòwe pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ní kó panu mọ́. Inú ṣì ń bí mi sí onítọ̀hún títí dòní.

Èèpá ti ń gbẹ lára ọmọ ìyá náà lọ́jọ́ tí mo gbé omi lọ fún un. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, ta ni nọ́ọ̀sì ní ó kó àrùn yìí wọlé?"

Mo ti la ẹnu kí n dárúkọ ọmọ ẹlòmíì. Irọ́ ọ̀hún ti dé ètè mi.

"Èmi ni," ni ìyá wí. "Ẹ̀yìn mi yìí ni."

Ọmọ náà gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n pẹ́. Ó wá kó wọn sábẹ́ aṣọ ìbora.